Orí Kẹrin: Ìṣirò Tó Ń Dá Èsì Padà

Sọ “márùndínláàádọ́ta” sókè. Kí o tó pè é tán, o ti ṣe ìṣirò mẹ́ta láìfura. Ogún lọ́nà mẹ́ta ni ọgọ́ta. Yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀, ó di àádọ́ta. Tún yọ márùn-ún, o dé ibi tí ò ń lọ. Ìlọ́po kan àti àyọkúrò méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwọn tó sì fi èdè yìí tọ́ wa kò sọ fún wa rí pé iṣẹ́ ìṣirò ni wọ́n ń kọ́ wa. Ṣí Python, kí o tẹ ohun tí ẹnu rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ síbẹ̀:

    >>> 20 * 3 - 10 - 5
    45

Ìràwọ̀ kékeré yẹn ni àmì ìlọ́po. A kò lè lo x bí a ti ń lò ó nínú ìwé ìṣirò, torí lẹ́tà ni kọ̀ǹpútà máa kà á sí. Wò ó pẹ̀lú pé ìlọ́po ni Python kọ́kọ́ ṣe kó tó kan àwọn àyọkúrò, gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà ṣe ṣe é. Bí o bá kó àyọkúrò sínú àkámọ́, tí o kọ 20 * (3 - 10 - 5), ohun tó máa jáde ni -240, kò sì sí Yorùbá tó máa pe ìyẹn ní márùndínláàádọ́ta. Ohun tó bá wà nínú àkámọ́ ló ń ṣíwájú, ìlọ́po àti pínpín ló tẹ̀ lé e, àròpọ̀ àti àyọkúrò ló ń kẹ́yìn.

Àmì méje ni a ó lò ní orí yìí: + fún àròpọ̀, - fún àyọkúrò, * fún ìlọ́po,  ** fún ìlọ́po àsọtúnsọ (2 **  10 ni 2 mẹ́wàá tí a fi lọ́po ara wọn, 1024 ni), lẹ́yìn náà mẹ́ta tó jẹ mọ́ pínpín: /, // àti %. Mẹ́rin àkọ́kọ́ kò le, a kò ní pẹ́ lórí wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn onípínpín mẹ́ta ni iṣẹ́ wà.

Ẹ̀rọ ata

Kí a tó débẹ̀, inú function ni a ó ti máa ṣe ìṣirò wa, function sì dà bí ẹ̀rọ ata. O gbé rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà lọ, oníẹ̀rọ dà á sẹ́nu ẹ̀rọ, ó lọ̀ ọ́, ó sì dá a padà sínú abọ́ tí o gbé wá. O kò ní láti mọ irú irin tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Ohun mẹ́ta ló kàn ọ́: ohun tí o gbé lọ, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ṣe, àti ohun tí o gbà padà. Ẹ̀rọ tó kéré jù tí a lè ṣe nìyí:

    def ropo(a, b):
        return a + b

Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ pé: mo fẹ́ ṣe ẹ̀rọ kan, ropo ni orúkọ rẹ̀, nǹkan méjì ló máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wá, a ni yóò máa pe àkọ́kọ́, b ni yóò máa pe èkejì. Má gbàgbé kólóònù tó wà ní ìparí ìlà. Ìlà kejì wọlé díẹ̀ sápá ọ̀tún, àyè mẹ́rin ni a fi sílẹ̀, èyí ni Python fi ń mọ̀ pé inú ẹ̀rọ ló wà. Return ni abọ́ tí ata fi ń bọ̀ wálé.

    >>> ropo(7, 5)
    12
    >>> ropo(ropo(7, 5), 8)
    20

Wo èkejì dáadáa. Èsì tó ti inú ẹ̀rọ jáde ni a tún dà padà sẹ́nu ẹ̀rọ kan náà, pẹ̀lú 8. Ohun tó mú kí ìyẹn ṣeé ṣe ni pé ropo dá nǹkan padà lóòótọ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń kọsẹ̀, torí pé print ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní orí àkọ́kọ́, ó sì ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n á kọ ọ́ báyìí:

    def ropo(a, b):
        print(a + b)

Wọ́n á dán an wò, 12 á yọ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní ó ti ṣiṣẹ́. Kò tíì ṣiṣẹ́. Oníẹ̀rọ yìí lọ ata, ó ṣí ìdérí kí o fi ojú rí i, ó wá gbé abọ́ òfìfo lé ọ lọ́wọ́. Ìgbà tí o bá fẹ́ se ọbẹ̀ ni wàá tó mọ̀:

    >>> x = ropo(7, 5)
    12
    >>> x * 2
    TypeError: unsupported operand type(s) for *: 'NoneType' and 'int'

None ni Python ń pe abọ́ òfìfo yẹn. Nígbàkigbà tí o bá rí NoneType nínú àṣìṣe, kọ́kọ́ lọ wo inú function rẹ bóyá o gbàgbé return. Ojú ni print wà fún. Return ló ń gbé èsì fún kóòdù tó kù. Ní orí yìí, má ṣe fi print sínú function kankan.

Àwọn olùkọ́ kan ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ odidi ẹ̀rọ ìṣirò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èyí tó máa béèrè pé “tẹ 1 fún àròpọ̀, tẹ 2 fún àyọkúrò”. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ á lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ìbéèrè àti ìdáhùn, kò sì ní rí ìṣẹ́jú márùn-ún lò lórí ìṣirò. Kọ ropo, kọ yo fún àyọkúrò, kọ lo_po fún ìlọ́po, function onílà méjì-méjì, kí o sì máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o ṣe máa dán wọn wò rèé:

    assert ropo(2, 3) == 5
    assert ropo(-4, 4) == 0

Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, Python á dákẹ́. Bí kò bá dára, á pariwo. Ṣàkíyèsí pé == ni a lò, kì í ṣe =. Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales, ló gbé àmì = jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1557, ó ní kò sí ohun méjì tó bára dọ́gba ju ìlà méjì tó gùn bákan náà lọ. Nínú Python, wọ́n ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀: x = 5 túmọ̀ sí “fi 5 sínú x”, == ló wá ń béèrè bóyá méjèèjì dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ kan lórí orúkọ. Python 3 gba àmì ohùn nínú orúkọ function, o lè kọ ròpọ̀ tí kò sì ní bínú. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù ẹni tó máa ka kóòdù rẹ lọ́la lè má ní àmì yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ropo lásán. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé owó àti òwò á di owo kan náà. Bí méjèèjì bá wà nínú iṣẹ́ rẹ, fi ọ̀rọ̀ kejì tì wọ́n lẹ́yìn, bíi iye_owo àti ere_owo.

Pínpín

Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló gbé Python jáde ní 1991. Ní ayé Python 2, bí o bá tẹ 7 / 2, 3 ni wàá rí. Ìdajì tó kù ti wọlẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún ọ. Nígbà tí Python 3 dé ní 2008, wọ́n tún un ṣe. Láti ìgbà náà, / máa ń fúnni ní dẹ́símà nígbà gbogbo, àní bí pínpín náà bá tilẹ̀ gún régé:

    >>> 7 / 2
    3.5
    >>> 6 / 2
    3.0

Láti oṣù kìn-ín-ní 2020 ni wọn kò ti tún Python 2 ṣe mọ́, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ṣì pọ̀ lórí àtẹ. Bí o bá rí ìwé tó kọ print láìsí àkámọ́, má fi èsì pínpín tó wà nínú rẹ̀ wé tìrẹ.

Ẹlẹ́yin inú ọjà kò nílò 3.5. Kó ọgọ́rùn-ún ẹyin síwájú rẹ̀, kí o bi í pé kirétì mélòó ni. Kirétì kan gba 30. Kò ní dá ọ lóhùn pé kirétì mẹ́ta àti ẹ̀ka mẹ́ta-mẹ́ta-mẹ́ta tí kò lópin. Á ní: “Kirétì mẹ́ta, ó ku mẹ́wàá.” Ìdáhùn méjì ló fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà, Python sì ní àmì kọ̀ọ̀kan fún wọn. // ń sọ iye ìgbà tó wọ̀ ọ́ ní odidi, % ń sọ àṣẹ́kù. Ẹni tó bá ti kà á sí ìdá ọgọ́rùn-ún, kó gbàgbé ìyẹn ná. Nínú kóòdù, àṣẹ́kù ni iṣẹ́ rẹ̀.

    def kireti(eyin):
        return eyin // 30

    def eyo(eyin):
        return eyin % 30

    >>> kireti(100)
    3
    >>> eyo(100)
    10

Bí o ṣe máa mọ̀ pé wọn kò purọ́ ni pé kí o kó gbogbo rẹ̀ padà: kireti(100) * 30 + eyo(100) gbọ́dọ̀ jẹ́ 100. Ìdánwò yìí ló dára jù lọ tí mo mọ̀ fún function méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́, torí pé nọ́ńbà yòówù tí o bá fi dán an wò, ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ́kù wúlò ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ohunkóhun tó bá ń yípo, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń wá. Ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ wa jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Jẹ́ ká fún wọn ní nọ́ńbà: 0 fún ọjọ́ Ọbàtálá, 1 fún ọjọ́ Ifá, 2 fún ọjọ́ Ògún, 3 fún Jàkúta tí í ṣe ọjọ́ Ṣàngó. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ wo ni ọgbọ̀n ọjọ́ sí òní máa bọ́ sí?

    def ojo_ose(n):
        return n % 4

    >>> ojo_ose(30)
    2

Ọjọ́ Ògún ni. Mo ti fún kíláàsì ní iṣẹ́ yìí rí, ọmọkùnrin kan sì kọ n % 5. Mo bi í léèrè, ó ní màmá òun ń ná ọjà ọrún, àti pé márùn-ún ni ọrún. Òótọ́ ló sọ, èsì rẹ̀ sì wọ́. Àwọn bàbá wa máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n wà mọ́ ọn. Bí ọjà bá jẹ́ òní, òní ni ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni ìkarùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin péré ni a fi ń lọ láti ọ̀kan dé èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsán jẹ́ mẹ́sàn-án lẹ́nu, tó jẹ́ mẹ́jọ nínú kóòdù. Ìtàdógún jẹ́ mẹ́tàdínlógún lẹ́nu, tó jẹ́ mẹ́rìndínlógún nínú kóòdù. Àṣìṣe ẹyọ kan yìí kò mọ ní kíláàsì wa. Gbogbo ẹni tó ń kọ kóòdù, àgbà àti ọmọdé, ló ń ṣe é, ohun tó sì ń fà á náà ni ti ọmọ yẹn: a kò tíì pinnu bóyá ká ka ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Kí o tó kọ nọ́ńbà tí o máa fi pín, ka ọjọ́ náà lórí ìka ọwọ́ rẹ.

Ká wá padà sẹ́yìn. Ọjọ́ wo ni ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn?

    >>> ojo_ose(-3)
    1

Ọjọ́ Ifá, ó sì tọ̀nà: àná jẹ́ Jàkúta, ìjẹta Ògún, ọjọ́ tó ṣáájú ìjẹta ni ti Ifá. Ó dùn mọ́ni, àmọ́ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbi gbogbo. Nínú èdè C, -3 % 4 á fún ọ ní -3, kò sì sí ọjọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á ni pé // ti Python máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí odidi tó wà nísàlẹ̀, kì í gé ìdí nọ́ńbà dànù. -7 // 2 ni -4, torí pé -3.5 ń sọ̀ kalẹ̀ sí -4. C á gé e sí -3.

Bí ìsàlẹ̀ pínpín bá jẹ́ òdo, Python kò ní gbìyànjú rárá. 60000 / 0 á mú ZeroDivisionError: division by zero jáde, iṣẹ́ á sì dúró níbẹ̀. Má bínú sí i. Ẹni tó bá ní kí a pín owó àjọ fún ẹni òdo, ìbéèrè rẹ̀ ló wọ́. A ó kọ́ bí a ṣe ń fi if ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní orí tó ń bọ̀.

Owó

    >>> 0.1 + 0.2
    0.30000000000000004

Kọ̀ǹpútà rẹ kò bàjẹ́. Gbìyànjú kí o kọ ìdá kan nínú mẹ́ta ní dẹ́símà: 0.333, o ò lè kọ ọ́ tán, níbìkan o gbọ́dọ̀ gé e. Kọ̀ǹpútà tó ń fi 0 àti 1 nìkan ka nọ́ńbà kò lè kọ ìdá kan nínú mẹ́wàá tán bákan náà, òun náà gé e. Ohun tó gé kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pọ̀ sí i bí a bá ń kó o jọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 1991, nígbà ogun Gulf, ohun ìjà Patriot tí Amẹ́ríkà gbé sí Dhahran ní Saudi Arabia kùnà láti dá rọ́kẹ́ẹ̀tì Scud dúró. Sójà 28 kú. Aago inú kọ̀ǹpútà Patriot náà ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ó sì ń fi 0.1 tí wọ́n ti gé kúrú lọ́po rẹ̀. Ó ti ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún wákàtí láìsinmi, aago náà sì ti fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà. Ohun tó ń fò bíi Scud ti rìn ju ìdajì kìlómítà lọ láàárín ìyẹn.

Nítorí náà, má fi dẹ́símà ka owó. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1973 tí náírà ti rọ́pò pọ́n-ùn ní Nàìjíríà, 100 kọ́bọ̀ ló ń jẹ́ náírà kan. Kọ́bọ̀ kò ra nǹkan kan mọ́ lọ́jà, àmọ́ inú kóòdù ó ṣì níyì, torí pé odidi ni:

    def si_kobo(naira, kobo):
        return naira * 100 + kobo

    def lati_kobo(k):
        return k // 100, k % 100

    >>> lati_kobo(si_kobo(12, 50) + si_kobo(8, 75))
    (21, 25)

Náírà mọ́kànlélógún àti kọ́bọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n. Return lè dá nǹkan méjì padà, kọ́mà ni a fi là wọ́n láàárín. Àṣẹ́kù ló tún ṣiṣẹ́ níbí, òun kan náà tó ka ẹyin.

Mo ti jìyà ọ̀rọ̀ owó rí, tèmi kò tilẹ̀ kan dẹ́símà. Mo kọ kóòdù fún màmá kan tó ń ta pirofísọ̀n ládùúgbò wa, kó lè máa tẹ iye ọjà kó sì rí àpapọ̀. Ọjà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ jẹ́ 250, mẹ́ta ni oníbàárà fẹ́. Ohun tó jáde ni 250250250. Màmá wo mi, ó wo fóònù, ó ní: “Ọmọ mi, ṣé ilé ni ó fẹ́ rà ni?” Ohun tí mo ṣe ni pé mo lo input lásán. Ohunkóhun tí ènìyàn bá tẹ̀ sí input, Python kà á sí ọ̀rọ̀, str ni ó ń pè é. Bí o bá fi 3 lọ́po ọ̀rọ̀, á tún un kọ nígbà mẹ́ta. Bí o bá ro "5" pọ̀ mọ́ "7", á so wọ́n pọ̀ di "57". Kò pariwo, kò sọ pé àṣìṣe ni, ìdí nìyẹn tó fi burú. int ni a fi ń sọ ọ̀rọ̀ di odidi:

    iye = int(input("Èló ni? "))

Ẹnu ọ̀nà ni kí o ti ṣe é, kí nọ́ńbà tó wọ inú function. Ropo kò gbọ́dọ̀ máa ṣàníyàn nípa ohun tí wọ́n gbé wá fún un. Oníẹ̀rọ ata kì í ṣa òkúta nínú ata oníbàárà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Kọ yo(a, b) àti lo_po(a, b), kí o sì fi assert mẹ́ta-mẹ́ta dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Fi òdo àti nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo kún un.

2. Dẹ́rẹ́bà kan gbé ọkọ̀ kúrò ní Ìbàdàn, ó lo ìṣẹ́jú 135 kó tó dé Èkó. Kọ function tó máa gba ìṣẹ́jú, tó máa dá wákàtí àti ìṣẹ́jú tó ṣẹ́kù padà. Dán an wò pẹ̀lú 135, 60, 59 àti 0. Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò dá ọ lójú kí o tó tẹ̀ ẹ́?

3. Ọjà kan ń bọ́ sí ìsán-ìsán, òní sì ni ọjọ́ rẹ̀. Kọ function tó máa gba iye ọjọ́ tó ti kọjá láti òní, tó máa sọ iye ọjọ́ tó kù kí ọjà tó pé. Ní ọjọ́ ọjà gan-an, 0 ni kó dá padà, kì í ṣe 8.

4. Nínú ònkà Yorùbá, láti ogún lọ sókè, ẹyọ 1 sí 4 máa ń lé, 5 sí 9 máa ń dín: mẹ́rìnlélógún ni 24, ṣùgbọ́n márùndínlọ́gbọ̀n ni 25. Kọ le(n) tó máa dá ohun tó lé padà, 4 fún 24, àti din(n) tó máa dá ohun tó dín padà, 5 fún 25 àti 2 fún 48. Lẹ́yìn náà, tẹ din(50) àti din(60). Ọ̀kan nínú wọn bá orúkọ tí Yorùbá pe nọ́ńbà náà mu, èkejì kò bá a mu. Wá èyí tó jẹ́, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ sí abẹ́ kóòdù rẹ ní ìlà méjì.